Ebè tí Ẹ Máa Ń Ní Kí N Tún Kọ

Bàbá mi, Tíṣà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbí báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ? Ẹ ò kọ́ wa ní ìyẹn.

Oko yín ní Upenmen ni mo ti ń bọ̀. Ọwọ́ mi ti bó, ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò tíì wẹ̀ rárá tí mo fi jókòó ti bébà.

Èyí tó máa bà yín nínú jẹ́ ni n ó kọ́kọ́ sọ. Láti ìgbà tí a ti sin yín, èmi àti Bùọ̀dá Dáyọ̀ kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ibi tí a ó sin yín sí ló dá ìjà sílẹ̀. Bùọ̀dá fẹ́ iwájú ilé ní Emure-Ile, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Èmi fẹ́ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, torí mo rántí bí inú ṣe máa ń bí yín tí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré lórí sàréè Màmá. Àwọn ẹbí gbè sẹ́yìn Bùọ̀dá, ibẹ̀ náà sì lẹ wà báyìí. Ṣé ó tù yín lára? Mo kàn ń béèrè ni o, kì í ṣe pé mo tún ń jà.

Ọmọ ìyá kan náà, Bàbá! A óò pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa wolẹ̀, èmi náà á máa wo òrùlé.

Ẹ̀rín tilẹ̀ fẹ́ pa mí lọ́jọ́ ìsìnkú yín. Oníwàásù fi ‘about’ sẹ́yìn ‘discuss’, kíá lojú mi lọ sára pósí. Mo rò pé ẹ máa dìde ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wúkọ́ láti ìjókòó ẹ̀yìn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣi ọ̀rọ̀ atọ́kùn lò! Àpọ́n lẹ máa ń pe ‘discuss’, pé kò nílò ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Mo yíjú wo Bùọ̀dá, òun náà ń wo pósí. A fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí a ṣe rántí pé a ń bínú.

Ta ló tún ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì bíi tiyín? Nílé, èdè Ọ̀wọ̀ pọ́nbélé, lóko, Gẹ̀ẹ́sì. Orín á wà ní igun ẹnu yín, ọkọ́ á wà lọ́wọ́, ẹ ó sì ju ọ̀rọ̀ ìṣe kan sí wa. ‘Depend’? Ẹni tó kàn á ké ‘on’ kó tó kúrò nídìí ebè tó kọ. ‘Listen’? ‘To’. ‘Succeed’? ‘In’. Ẹni tó bá ṣì í, ẹ ó fi ẹsẹ̀ tú ebè rẹ̀ ká, á sì tún un kọ. Àwọn ará oko máa ń dúró wò wá lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin ń kọ ebè, ó tún ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì! Ẹ ò dá wọn lóhùn rí.

‘Congratulate’ ni ọ̀tá mi. ‘On’ ló ń fẹ́, ‘for’ ni ẹnu mi máa ń gbé jáde. Háà, mo tún ebè kọ! Tẹkún-tẹkún ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá síwájú, Bùọ̀dá á ju ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wá gba tèmi, á bá mi tún ebè náà kọ, á sì sáré padà sí àyè rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀? Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín. Ẹ kì í bojú wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní kíláàsì, kò sóhun tójú yín kì í rí.

Lónìí, mo gbéra lọ kọ ebè. Òjò ti rọ̀, mi ò sì lè máa wòran kí igbó gba oko yín. Ta ni mo bá níbẹ̀? Bùọ̀dá. Ó ti Àkúrẹ́ wá láìsọ fún ẹnì kankan. Mo kí i, ó dáhùn, ó parí síbẹ̀. Ó gba apá odò, èmi gba apá ahéré. Gbogbo ohun tí à ń gbọ́ kò ju ìró ọkọ́ lọ. Ó dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí dé egungun, pé a wá dàbí àlejò lórí ilẹ̀ tí a gbé dàgbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ lanu? Orí kunkun yín la kúkú jogún.

Oòrùn ti ń mú gan-an kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Láti ìdí ebè rẹ̀ ló ti ké e jáde: ‘congratulate’.

Bàbá, mo mọ̀ ọ́n o. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì ìjọba l’Ọ́wọ̀, mi ò ṣì í rí. Síbẹ̀, mo ké padà: ‘for’.

Ó ju ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba àárín ebè kọjá wá bá mi, ó fi ẹsẹ̀ tú ebè mi ká bí ẹ ti máa ń ṣe, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé òógùn ni. Èmi ò ṣe bíi pé òógùn ni tèmi.

A jọ jẹ iṣu sísun àti epo ní ahéré kí a tó wálé. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a jọ máa parí èyí tó kù.

Ẹ máa sinmi níbi tí ẹ wà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Mo ti gbà. Bí àwọn ọmọdé bá wá ṣeré lórí yín, èmi fúnra mi ni n ó máa lé wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí di òní, tí ‘congratulate’ sì pa lẹ́kún.