Ìkúnlẹ̀ Mi Nínú Ihò Àpáta

Iléṣà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí: mo gbàdúrà nínú ihò àpáta tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń jọ́sìn nílẹ̀ Íńdíà.

Ìran la kúkú lọ wò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Fúnkẹ́, àbúrò mi tí mo sìn lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀, a ń retí èsì àyẹ̀wò rẹ̀. A bọ́ bàtà, a wọlé. Mo rí baba arúgbó kan tó jókòó, mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Ère ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu mi ṣáà ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Fúnkẹ́ kú." Ta ni mò ń bẹ̀? Baba yẹn ò gbọ́ Yorùbá.

Ara Fúnkẹ́ ti yá. Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alékúwodò, ó fi fọ́tò tó yà hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ìjọ, ẹ wo orúnkún yín níwájú òrìṣà! Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá?"

Alàgbà ìjọ ni ọkọ mi. Bó bá rí i, á ní kí n gbé ipò aṣáájú àwọn obìnrin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù... mi ò mọ ẹni tó gbọ́ àdúrà náà, Fúnkẹ́ sì yè.

Lọ́la, ká tó ṣe àdúrà òwúrọ̀, màá fẹnu ara mi sọ fún ọkọ mi pé baba arúgbó kan ni mo kúnlẹ̀ kí, mo sì tún gbàdúrà níbẹ̀.