Orí Ẹ́ńjìnnì Lórí Tábìlì Ìránṣọ Mi

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Orí Òkè.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àkọ́bí yín tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ tó bó ti jinná? Àwa náà wà níbí. A ń jẹ, a ń mu, Bàbá sì ń bá rédíò jiyàn láràárọ̀ bí ẹni pé rédíò ń gbọ́.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ ní bí ọkọ̀ Bàbá ò bá lè gun òkè yìí kí oṣù tó parí, kí n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí n sì di ẹrù Bàbá wá sọ́dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkè ni ṣọ́ọ̀bù tó ti fi ogójì ọdún tún ọkọ̀ ṣe wà, níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti ń gbé àga fún un lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè gun òkè yìí mọ́. Lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n ò jẹ́ kó di sípánà mú mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò gbọ̀n, wọ́n ṣì ń wá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mú un kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa pè é ní ọ̀gá? Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé ọkọ̀ yẹn máa gun òkè, bó bá tiẹ̀ jẹ́ eyín ni màá fi fà á.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í kọjá iwájú ilé gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní agbedeméjì òkè. Bó bá débẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á kú, gbẹ́nàgbẹ́nà á sì sáré gbé igi kan jáde láti fi há táyà wa lẹ́yìn, títí àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá á fi wá tì wá délé. Ó ti ya igi yẹn sọ́tọ̀ fún wa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo bi Bàbá pé kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí gan-an. Ó ní kò ṣàìsàn, ọ̀fun rẹ̀ ló há láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. Ó ní àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ orí ẹ́ńjìnnì kéré, irin ṣe gbágungbàgun nínú wọn, ogún ọdún sì rèé tí òun ti ń sọ pé òun máa gbẹ́ wọn. Mo ní kó kọ́ mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o rò pé aṣọ ni?" Mo ní ẹni tó bá lè rán ọrùn aṣọ yípo kó má hun jọ, ó lè gbẹ́ ihò.

Bí a ṣe tú orí ẹ́ńjìnnì nìyẹn, tí mo gbé e ka tábìlì ìránṣọ mi lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi aṣọ bo imú, mo wọ awò Bàbá àtijọ́, mo gbé gásíkẹ́ẹ̀tì, awẹ́ pẹlẹbẹ tó ní ojú ihò bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, lé bébà, mo gé e bí ìgbà tí mo bá ń gé kọ́là, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa ilà yí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan ká. Ibi tí irin bá ti yọ wọ inú ilà ni màá fi ẹ̀rọ kékeré tí Bàbá fi ń lọ irin gbẹ́. Bàbá ní ojú lòun máa ń fi wọ̀n ọ́n láyé òun, bébà yìí dára ju ojú lọ. Ẹ̀gbọ́n, orí mi wú.

Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n fẹ ihò náà díẹ̀, kí n má wá dídán. Ṣùgbọ́n ihò kẹta ń dán lójú mi bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mi ò fẹ́ dúró. Mo ní kí n fá a díẹ̀ sí i, ni ẹ̀rọ ìlọrin bá lù ú já sí ọ̀nà tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì lára. Ihò náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ orí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Bàbá wo ihò, ó wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ìgbà tó ti fi sípánà sílẹ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn. Ó ní bí òun ṣe ba ti ọ̀gá òun jẹ́ nìyẹn, tí òun sì sá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá sá rí?

Ó ní, "Aṣọ tó o bá gé jù, o lè lẹ̀ ẹ́. Èyí ti lọ. Wá òmíràn."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ní òmíràn lára ọkọ̀ kan tó ti dẹnu kọlẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ihò kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá ti dáwọ́ dúró, á ki ìka bọ inú ihò. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an nìyí. Ọwọ́ tó ń da omi sílẹ̀ nínú ife yẹn, bí ìka rẹ̀ bá ti wọ inú ihò, kò gbọ̀n mọ́, irin ti dì í mú. Á di ojú, á ní, "Nǹkan kan wà lápá òsì, kò ju iyanrìn lọ." Màá tan tọ́ọ̀ṣì, mi ò ní rí nǹkan kan. Màá fi sáńpépà pa ibẹ̀, á tún fọwọ́ bà á, á ní, "Fi sílẹ̀." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo fi sílẹ̀, bí ọwọ́ tiẹ̀ ń yún mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe ihò mẹ́jọ, àwọn oníbàárà mi sì ń bínú pé aṣọ àwọn ń rùn bí epo ọkọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti dá orí ẹ́ńjìnnì padà sáyè rẹ̀, àná la gbé ọkọ̀ gun òkè. Mo wà á, Bàbá jókòó tì mí. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́ ohùn wa, ó sáré jáde tòun ti igi rẹ̀. Mi ò wojú rẹ̀. A kọjá níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú jíà kejì, Bàbá wá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kó fi igi yẹn kan àpótí. Mo wo jígí, ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀, igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tá a délé, Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ká padà sísàlẹ̀, ká tún un gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gùn ún.

Torí náà, ẹ má wulẹ̀ wá yàrá sílẹ̀ fún Bàbá, àfi ti àlejò. Bá a bá ń bọ̀, a óò gbé ọkọ̀ wa wá. Bàbá tún ní òun gbọ́ bí ọkọ̀ tiyín ṣe ń mí nígbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn. Ó ní kẹ́ ẹ gbé e wá, tábìlì ò tíì kúrò lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa dáadáa, kó rọra máa gbé garawa omi. Ẹ sọ fún àkọ́bí yín pé ẹni tí kò ṣubú rí ò tíì gun kẹ̀kẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ń gbọ́rọ̀ nígbà míì,
Abẹ́rẹ́.

Ẹ má pe àmì dúdú tó wà lábẹ́ orúkọ mi ní ìdọ̀tí. Bàbá ní òun náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Ìka tó fi ń wo inú ihò ló fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ilà rẹ̀ dáadáa, kò gbọ̀n.