Ọwọ́ Òsì Bàbá Ṣeun

Sátidé, Berea

A lọ pẹja ní adágún lónìí. Wọ́n máa tì í pa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí òtútù. Mo ní epo ọkọ̀ ti wọ́n, ẹja sì pọ̀ lọ́jà Jeppestown. Bàbá Ṣeun, ọkọ mi, kàn gbé ọ̀pá ìpẹja wọn sínú ọkọ̀ ni.

Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, Bàbá Ṣeun kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, kí n lọ mú un. Wọ́n ní wọ́n kọ́ àwọn nílé, àwọn ò ní fi òsì na nǹkan séèyàn.

Òsì náà ni wọ́n fi ń ju okùn. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ dì bí eṣinṣin láti fi tan ẹja há sí fìlà òtútù mi.

"Ìyá Ṣeun, ẹja yìí lórí o! Ìkòkò wo ló máa gbà á?"

Ẹja gidi wá fà á. Ọ̀pá tẹ̀, wọn ò lọ́wọ́ kejì tí wọ́n máa fi ká okùn. Wọ́n na ọ̀pá náà sí mi.

"Gbà. Má bínú, òsì ni."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tútù etí adágún, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹja já lọ. Nídìí oúnjẹ alẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi mú iyọ̀. Wọn ò gbé e sílẹ̀. Wọ́n nà án sí mi.