Iṣẹ́ Faransé Tí Mọ́ríámọ̀ Ò Fi Ránṣẹ́

Bàbá wa ní Kétu, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Thamesmead nílùú òyìnbó. Ẹ bá mi kí Màmá àti gbogbo ìyàwó ilé. Ọmọ-ọmọ yín ń kí yín. Òtútù ti dé síbí. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú.

Bàbá, láti ìgbà tí ọmọ yín, bàbá Mọ́ríámọ̀, ti kú ni mo ti ń sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ ọmọ ń lọ dáadáa. Kì í ṣòótọ́. Èmi náà ò mọ̀ ni.

Ẹ rántí pé nígbà tí a mú un kúrò lọ́dọ̀ yín, bàbá rẹ̀ ò gbà kó wọ ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọmọ tó fi Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́dọ̀ yín gbọ́dọ̀ lè padà sí Kétu lọ́jọ́kọ́jọ́, kó sì bọ́ sí kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwé Faransé tó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sílé fún àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Ó ń wa bọ́ọ̀sì lálẹ́, ó ń jókòó tì í láàárọ̀. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́ kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí olùkọ́, kí wọ́n tó bọ́ sí èyí tó kàn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi náà bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù tó wà lẹ́bàá Woolwich Common, kí n lè wà nílé lójúmọmọ. Auntie tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló ń sùn ti ọmọ. Bí mo bá dé, Mọ́ríámọ̀ á ti tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Oorun á gbé mi lọ lórí àga. Lẹ́tà ń wá láti ilé-ìwé, Faransé ni gbogbo rẹ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn, ọmọ náà ni mo ní kó kà á fún mi. Ó ní wọ́n ń kí wa kú ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, mo ní àwọn òyìnbó yìí mà láájò èèyàn.

Mo mú ẹ̀kẹrin lọ fún nọ́ọ̀sì ará Tógò kan níbi iṣẹ́, kó bá mi kọ èsì ìdúpẹ́. Ó kà á tán. Ó ní wọ́n ti béèrè iṣẹ́ ọmọ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò fún ọdún yìí.

Nígbà tí mo délé, mi ò na ọmọ náà. Mo bi í, ó lọ fa fáìlì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe ni. Ó ti parí. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ wà létí ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọwọ́ ọmọ nìkan ni ilé-ìwé fẹ́ rí, nítorí náà bàbá rẹ̀ máa ń ní kó fi rọ́bà pa tòun rẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Mọ́ríámọ̀ ní òun mú rọ́bà títí, òun ò lè pa á. Kò sì lè ṣe èyí tó kàn nígbà tí ìyẹn ò tíì lọ.

Mo ti wádìí kiri. Ilé-ìwé Faransé gidi wà ní ìhà kejì ìlú. Ọkọ̀ ojú irin méjì ni, owó rẹ̀ ò sì ká mi lọ́wọ́. Èyí tó ń fi èdè méjèèjì kọ́ni, èrò ti tò síbẹ̀ de àyè. Ilé-ìwé tiwa tó yọ ọ́ lè tún gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó tì í? Kíláàsì Faransé ti Sátidé wà ní Plumstead, wákàtí méjì péré. Auntie ìsàlẹ̀ ní ṣé ilé-ìwé ni mò ń wá fún ọmọ ni àbí ilé ọkọ, tí mo fi ń wádìí tó báyìí. Ó tún ní kí n wo ojú ọmọ náà, pé ó ti tó oṣù mélòó tó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré gbẹ̀yìn. 

Bàbá, mo ti mú un lọ sí ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó wà létí adágún níbí. Mọ́ńdè ló máa bẹ̀rẹ̀. Á máa lọ sí ti Plumstead ní Sátidé. Mo mọ̀ pé kò ní lè bọ́ sí kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kétu mọ́, àti pé ohun tí ọmọ yín fẹ́ ni mo yẹ̀ yìí. Bí inú bá bí yín, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjáńnà kẹ́ ẹni tó lọ, kó dá ẹ̀yin sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtọmọdé àtàgbà. Bí ẹ bá pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ má bi í léèrè ibi tó kàwé dé. Ẹ bi í ní ohun tó jẹ. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Èmi kì í lè gbọ́ ọ tán.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Mọ́ríámọ̀