Apá Màmá Ni Mo Fi Kọ́ṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé wa ní Bessé bí ètò yín bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Màmá mi yìí ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Màmá, láti ìgbà iṣu tuntun tí a ti sin yín, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yìí ti le fún mi. Apá yín ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn tánsíọ̀n, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bí mo bá ti dé fún ìsinmi, ẹ ó gbé àga síta, ẹ ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ẹ ó sì ké sí aládùúgbò: "Ẹ wá o, dókítà mi ti dé!" Nísinsìnyí, bí mo bá di ẹ̀rọ tánsíọ̀n mọ́ apá ìyá àgbà kan ní sítáàjì tí à ń ṣe nílé ìwòsàn, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Oorun mi ò já geere. Mo ti ń ronú àtifi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Lánàá, ọ̀rẹ́ mi kan tí n ó pè ní Faïzatou na apá sí mi: "Gbà, fi tèmi ṣe é. Má fún un jù o, mi ò tíì lọ́kọ!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi dúró.

Ẹ̀yin olùgbọ́ tẹ́ ẹ ti sin ìyá yín, tẹ́ ẹ sì ń tọ́jú ìyá oníyàá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọkàn yín fi balẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i.

Màmá, bí mo bá dé Bessé, n ó gbé àga yín síta, n ó sì máa wọn tánsíọ̀n àwọn aládùúgbò lọ.