Mo Fi Àmì Kan Náà sí Gbogbo Fáìlì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Mo kúrò nídìí iṣẹ́ dídáhùn fóònù lónìí! Ọ̀gá ní èmi ni kí n di àwọn fáìlì ẹ̀dà tuntun pọ̀, èyí tí àwọn aránṣọ máa gbé sórí kọ̀ǹpútà wọn — ètò tó ń tọ́jú ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà. Igba fáìlì ó lé méjìlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀: ṣé kó fara pamọ́? Ṣé kíkà nìkan ni? Bí irú rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ṣé kí tuntun rọ́pò rẹ̀ àbí kó fi í sílẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ títí mo fi délé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Ogójì fáìlì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrùn ń dùn mí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo rí i pé èèyàn lè mú gbogbo wọn pọ̀, kó fi àmì kan náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan. "Rọ́pò rẹ̀." Ó parí! Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, kí ni wọ́n ń fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe? Ọgbọ́n mi pọ̀ débi pé ó yẹ kí n máa fi díẹ̀ tọrẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ojú-Àwòdì — obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò kó tó jáde — bi mí bóyá mo ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dà àtijọ́ àti iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lórí ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́. Kọ̀ǹpútà tí nǹkan kan ò sí lórí ẹ̀ ni mo lò. Ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni. Ọjọ́ Ajé ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, àmọ́ ó ní tòun ni kó ṣáájú. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ fún: "Àbúrò mi ló ṣe é o!" Mo ń ṣe bí ẹni pé ojú ń tì mí. Kò tì mí rárá.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Ẹ̀gbọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní mo wà nípàdé. Kò sí ìpàdé kankan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo lọ wo kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n: ìwọ̀n ọ̀ọ́dúnrún oníbàárà, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà — kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Fáìlì ìwọ̀n òfìfo tí mo dì sínú ẹ̀dà tuntun ti rọ́pò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pa á láṣẹ. Kí n tó lanu, Ẹ̀gbọ́n ti ń bẹ̀ mí. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣì tẹ nǹkan, kí n má bínú, òun ti dàgbà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Èmi akọni wá dáhùn: "Ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ilẹ̀ kò lanu gbé mi mì. Mo dúró síbẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Màmá pè láti yìn mí. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún wọn pé òun ba iṣẹ́ mi jẹ́, n ò sì jágbe mọ́ òun. Wọ́n ní sùúrù bàbá mi ni mo jogún. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Mo dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo ní kí Ọ̀gá dá ẹ̀dà yẹn dúró, mo "ṣàkíyèsí" nǹkan kan. Mo tún gbogbo fáìlì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáìlì ìwọ̀n: bó bá ti wà níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Àwọn aránṣọ yòókù ti bọ́. Ti Ẹ̀gbọ́n ò ṣeé dá padà.

Ọ̀gá yìn mí. Ojú-Àwòdì kò yìn mí. Ó ní, "Orí kọ̀ǹpútà ta lo ti ṣàkíyèsí ẹ̀?" Mo lọ mu omi.

Lọ́la ni mo máa sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo wí lánàá náà nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá pè mí. Ó ní obìnrin kan wá láàárọ̀, ó mú lẹ́tà dání, ó ti fọwọ́ sí i: òun lòun tẹ ohun tí kò yẹ, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má lé àbúrò òun lẹ́nu iṣẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí Ọ̀gá fi dìde lórí àga fún un.

"Kí ló tẹ̀?" ni Ọ̀gá bi mí.

Mo ní kò tẹ nǹkan kan, èmi ni. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, àti irọ́ tí mo pa fún Ojú-Àwòdì. Ọ̀gá ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó na lẹ́tà náà sí mi, ó ní kí n lọ sọ òótọ́ fún Ẹ̀gbọ́n kí n tó padà wá.

Mo wà ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń kọ èyí lórí itan. Kò sí nǹkan tó kù tí mo lè máa kọ. Ó ti rí mi. Ó ń juwọ́ sí mi, ó ń gbé àga jáde kí n lè jókòó.