Kọnkéré Tí Mo Gbé Pamọ́

Àbúrò mi,

Ara mi le, má bèèrè mọ́. O ní kí n máa bọ̀ wálé nítorí pé ọmọ mi ti parí ẹ̀kọ́ máásítà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì ti ríṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ta ló sọ fún ọ pé ó fi mí sílẹ̀? Ó ń pè mí nígbà tí àyè bá gbà á.

Ìgbà tí wọ́n ń kàwé ló yẹ kó o wá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti Aláriwo, ilé ìdáná mi ni wọ́n sọ di ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á po kọnkéré, wọ́n á mọ ọ́n bíi bíríkì kéékèèké, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi bí ẹni rẹ aṣọ. Tó bá wá le tán, wọ́n á gbé e lọ fi ẹ̀rọ fọ́! Mo bá gbé èyí tó dán jù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n wá a rí, Aláriwo dọ̀bálẹ̀: "Màmá, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ, ká lè mọ bó ṣe lágbára tó!" Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ fọ́ orí yín wò." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbéyàwó, Aláriwo ti kọjá òkun. Ìkòkò ńlá ni mo ṣì fi ń se oúnjẹ. Kékeré ò yẹ àgbà. Má rán ẹnikẹ́ni wá mú mi. Bí àwọn ọmọ náà bá yà lójijì, tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́?

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí ará àdúgbò bá bèèrè mi, sọ fún wọn pé ilé mi kún.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.